Ọjọ́ Mọ́kànlélọ́gọ́ta Pẹ̀lú Ọ̀pá Nínú Apá

Ẹ máa ṣe é lọ, Dókítà, ẹ má dá mi lóhùn. Ọwọ́ yín ni mo nílò, n ò nílò ẹnu yín. Ẹ ti fún mi lábẹ́rẹ́, apá mi ti kú bí igi, ẹ gé ibi tí ẹ bá fẹ́ gé, ẹ wá ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí n dákẹ́ o. Oṣù méje ni mo ti fi dákẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ti ń bẹ̀ pé kó ní sùúrù láti oṣù méje, tó wá rí ẹni tó dúró tì í báyìí tí kò lè sá lọ, ṣé ẹ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á panu mọ́?

Ìwọ náà, Marlenis, má wòkè àjà. Di abọ́ irin yẹn mú dáadáa, sún mọ́ ibí, kó o wo bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀pá yìí. O mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sínú apá, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ jáde. Káfíńtà wo ló ń kan ilẹ̀kùn tí kò ní ọwọ́ nínú?

"Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀." Ohun tí nọ́ọ̀sì yìí ń sọ fún mi nìyẹn, Dókítà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí ń fọ́ mi, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọmú ń ro mí bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sórí ibojì mi nìyẹn: Yolaida rèé, ahunṣọ, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún Everlides ọkọ mi. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, mo sì fẹ́ràn bàbá wọn, àmọ́ ọkùnrin yẹn, tó bá kàn bọ́ fìlà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, oyún ti wọlé nìyẹn. Mo wá sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Òfì mi ni mo fẹ́ jókòó sí. Hamáàkà ni mò ń hun, ẹ ti rí i ní gbogbo ẹnu ọ̀nà ìlú yìí, aṣọ olówùú gbọọrọ tí a ń so mọ́ òpó méjì tí a ń sùn sínú ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń fẹ́ ẹ̀yìn tó nà tàntàn, kò fẹ́ ọmọ níkùn, kò fẹ́ ọmọ lẹ́yìn.

Nínú oṣù kìíní ni Marlenis wá bá wa ní ahéré tí àwa ahunṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé apá oníke kan dání, apá lásán, láìsí èèyàn tó ni ín, ó sì fi hàn wá: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, abẹ́ awọ ló ń wọ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni kò ní sí oyún, kò sí oògùn tí èèyàn á gbàgbé láti lò. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Oyún kò wọlé. Ohun tí kò sọ ló pa mí lára. Ó dà bí ẹni tó ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún mi, tó ní ó lágbára, ó lè rù, ó lè gòkè, tó wá dákẹ́ lórí pé ó ń tàpá.

Èmi àti àbúrò mi Nubia la jọ fa apá kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sì wo Nubia! Nǹkan oṣù ẹ̀ kàn wábi gbà ni, láìwí láìfọ̀. Orí kò fọ́ ọ, inú kò rùn ún, ara ẹ̀ ń dán, ó ń kọrin nídìí òfì. Bí ẹ bá bi í, á ní ohun tó dára jù lọ tí ìjọba ti ṣe fún òun nìyẹn, òótọ́ ló sì ń sọ. Ìyá kan náà ló bí wa, ọmú kan náà la mu, a jọra débi pé títí dòní àlùfáà ṣì ń pè mí ní Nubia nígbà tó bá ń fún mi ní ara Olúwa. Kí ló dé tí ọ̀pá náà fi mọ̀ wá yàtọ̀?

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ẹ̀jẹ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé nǹkan oṣù ni. Wọ́n kan Jésù mọ́gi, wọ́n sin ín, ó jíǹde, ẹ̀jẹ̀ mi kò dá. Kì í ṣe èyí tó ń ya bí omi o, rárá, díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹ̀rọ omi tí kò pa dáadáa, tó, tó, tó. Mo ń ta kókó kan sí okùn òwú láràárọ̀ kí n lè mọye ọjọ́. Kókó ogún. Kókó ogójì. Nígbà tó pé kókó mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó dá fún ọjọ́ mẹ́rin, bí òṣìṣẹ́ tó gba ìsinmi, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé òwú funfun la fi ń hun hamáàkà tó dára jù. Ẹ̀rù bà mí pé kí n má ba iṣẹ́ jẹ́, ni mo bá rẹ gbogbo òwú mi sínú aró pupa. Pupa nìkan ni mò ń hun. Ẹ wá gbọ́ ohun tó pa èmi fúnra mi lẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà ní àwọn kò rí irú pupa bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní ta ló kọ́ mi, wọ́n ní ó dà bí oòrùn tó ń wọ̀. Mo ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ara mi yí padà. Mo sanra ní àyà, mo sanra níkùn, síkẹ́ẹ̀tì mi kò pa mọ́. Mo di ẹlẹ́kún. Èmi Yolaida, tí n ò sunkún nígbà tí mò ń bímọ, mo sunkún nítorí pé adìyẹ kan wò mí. Wọ́n ń polówó òróró lórí rédíò, ìyá àgbàlagbà kan ní òróró yẹn ni òun fi ń dín ẹ̀gẹ́ fún àwọn ọmọ ọmọ òun, mo bú sẹ́kún, n ò lè dá a dúró. Everlides bi mí bóyá iṣu ti jinná, mo da ìkòkò nù lójú ẹ̀. Ó kàn dúró, ó ń wo iṣu nílẹ̀. Ní ti ohun tó wà láàárín tọkọtaya, Dókítà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí pé ilé ìtajà ti tì, ọlọ́jà gan-an kò sì rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Màmá Etelvina. Obìnrin yẹn lè jókòó sílé ẹ̀ kó máa gbọ́ ohun tó ń hó nínú ìkòkò aládùúgbò. Ó rí àyà mi, ó rí ikùn mi, ó gbọ́ pé mo ń sunkún, ó ní ó tán, oyún ni, ọkùnrin sì ni. Kò bi mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi ọbẹ̀ adìyẹ wá fún mi lójoojúmọ́. Ó sọ fún onígbúrẹ́dì, ó sọ fún àlùfáà, ó sọ fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ pé Agapito ń bọ̀. Agapito! Orúkọ bàbá ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló ti fún ọmọ tí kò sí. Ọ̀pá wà lápá mi kí n má baà lóyún, ẹ̀jẹ̀ wà lára mi lójoojúmọ́, èèyàn sì ń kí mi lọ́nà pé àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní.

Ẹ ní kí ló burú níbẹ̀? Ẹ dúró kí n débẹ̀. Ọkọ mi kò kàwé púpọ̀, àmọ́ ó mọ ìṣirò. Ó ti lé lóṣù méjì tí kò ti fọwọ́ kàn mí, nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó wá gbọ́ lójà, láti ẹnu ìyá tó bí i, pé mo lóyún. Ó wọlé, kò jókòó, ó bọ́ fìlà, ó ní:

"Yolaida, oyún ta ni?"

Mo ní, "Lọ bi ìyá ẹ, ẹnu ẹ̀ ló ti lóyún."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Everlides máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè lóyún. Ó bá jáde, ó lọ bi ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní irọ́ ni, oyún mìíràn wà tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, oyún tí òun fi bí Everlides gan-an ṣẹ̀jẹ̀. Ó padà wálé, ó tú hamáàkà ẹ̀ lára ògiri, ó ká a, ó gbé e léjìká, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Mò ń ṣàwàdà, Dókítà, àmọ́ ọjọ́ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkọ́ irin méjì ló kù lára ògiri. Ọmọ mi obìnrin tó dàgbà jù wò wọ́n, ó wò mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Everlides fi sùn ní ahéré oko láàárín iṣu. Ọdún mẹ́tàlá la ti fẹ́ra wa. N ò yan ọkùnrin kankan lálè, agbára wo ni mo fẹ́ fi yàn án, níbo ni mo fẹ́ gbà?

Mo wá síbí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kíní Marlenis fún mi ní oògùn orí fífọ́. Lẹ́ẹ̀kejì ó ní kí n fún un lóṣù mẹ́fà kí ara mi mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́ẹ̀kẹta mo ní, Marlenis, ìwọ àti èmi la jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń yá ọ ní pẹ́ńsùlù, jọ̀ọ́, yọ nǹkan yìí fún mi, ọkọ mi ti lọ. Kò gbójú sókè. Ó ní ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún, nǹkan ìjọba ni, wọn kì í fi ṣòfò. Mo ní apá ta ló wà, ti ìjọba ni? Ó ní bó ti wù kó rí, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní ìlú ńlá Cartagena, wọn kò sì mọ ìgbà tó ń bọ̀. Ó wá fi í kún un pé kí n má sọ̀rọ̀ yìí káàkiri, kí n má dẹ́rù ba àwọn obìnrin tó kù, torí pé àwọn àlejò ń bọ̀ láti Cartagena wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Mo fi Wúńdíá Mímọ́ ti Carmen búra, ká ní kò sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni, ilé mi ni ǹ bá lọ.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ rèé, ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín àwọn àlejò yẹn. Nubia ni wọ́n yàn kó jẹ́rìí. Marlenis kọ ọ̀rọ̀ fún un sínú ìwé, ohun tó máa sọ, ibi tó ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Nubia wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní ojú ń ti òun, òun kò lè lọ yin nǹkan tó ń da ilé ẹ̀gbọ́n òun rú. Mo wò ó. Ó wò mí. Mo ní bọ́ aṣọ ẹ.

Aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹ rí lọ́rùn mi, ti Nubia ni. Síìpù ẹ̀ kò pa lẹ́yìn, ẹ sì mọ ìdí. Pínnì mẹ́jọ la fi mú un. Mi ò lè mí dáadáa, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ńṣe ni mo ń rìn bí ère mímọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ ọdún. Marlenis pe Nubia láti orí pèpéle nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, mo dìde, ó pàtẹ́wọ́ fún mi! Marlenis, o pàtẹ́wọ́, má sẹ́ ẹ. Àfìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ lo rí ojú mi dáadáa, tí àwọ̀ ojú tìẹ fi yí padà.

Mo ní ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa. Mo ní ọ̀pá yìí ń ṣiṣẹ́, kò sírọ́ níbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti fi í sí mi lápá ọkọ mi ti ń sùn lóko, ìfètòsọ́mọbíbí wo ló tún ju ìyẹn lọ? Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Dókítà, ẹ fi fáìlì bojú, mo rí yín. Mo wá fa okùn òwú mi yọ láti àyà. Mo fi orí ẹ̀ kan lé ẹni tó jókòó níwájú lọ́wọ́, mo ní kó máa nà án lọ sẹ́yìn. Mo ní kókó kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan ni, ọjọ́ ẹ̀jẹ̀. Ariwo ẹ̀rín wá ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ka kókó náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, àbúrò mi ṣe é, ó ń gbádùn ẹ̀. Mo ní ohun tí mo ń bèèrè kò ju pé kí wọ́n sọ fún èèyàn kó tó wọlé, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un tó bá fẹ́ jáde. Mo ní ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, kó nawọ́.

Ọwọ́ mọ́kànlá, Dókítà. Ẹ̀yin náà kà á. Ìyàwó onígbúrẹ́dì wà níbẹ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, tó ti ń fi orí fífọ́ kọ́ wọn ní ìṣirò láti ìgbà tí wọ́n ti fi tiẹ̀ sí i lápá. Gbogbo wa ń kí ara wa lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì.

Ẹ̀yin lẹ dìde nígbà náà, tí ẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ẹ ó padà wá pẹ̀lú irinṣẹ́ yín. Mo gbà pé irọ́ ni. Àlejò máa ń sọ irú ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti jẹ ọbẹ̀ iṣu oníwàràkàṣì wa yó. Ẹ sì wá. Ọlọ́run á san oore yín fún yín.

Ta ni mo tún rí lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ yẹn? Everlides. Òun ló gbé iṣu tí wọ́n fi se ọbẹ̀ àlejò wá. Àpò ṣì wà lórí ẹ̀, kò rántí sọ̀ ọ́. Okùn náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó dì í mú, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ kókó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó wọlé, hamáàkà léjìká, iṣu ńlá kan lọ́wọ́. Kò tọrọ àforíjì. Àwọn ọkùnrin ìlú wa kì í fẹnu tọrọ ẹ̀, iṣu ni wọ́n fi ń tọrọ ẹ̀. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?" Mo ní kò dùn mí, ó rẹ̀ mí ni. Ó so hamáàkà ẹ̀ padà sórí ìkọ́, ó bó iṣu náà fúnra ẹ̀, ó gé ọwọ́. Ó wà níta báyìí, ó ń dúró dè mí. Mo ti sọ fún un láàárọ̀ pé ìfètòsọ́mọbíbí ti ọkùnrin náà wà, pé wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ kékeré ṣe é ní Cartagena, kì í pẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣu. Mo ní, iṣu tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wò lánàá? Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ tí ẹ bá jáde, dókítà ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ní ti Màmá Etelvina, kò gbà síbẹ̀. Ó ní Agapito ń fara pamọ́ ni. Mi ò ní ṣépè fún àgbàlagbà, àmọ́ Ọlọ́run tó fún Sárà lọ́mọ lọ́jọ́ ogbó ṣì wà láàyè, kó fún Màmá Etelvina ní Agapito tiẹ̀, kó fi èébì kún un, kó fi ẹsẹ̀ wíwú kún un, kí ó má rí adìyẹ pa.

Marlenis, má sunkún sínú abọ́ yẹn, àwọn irinṣẹ́ á rin. Mi ò bá ọ jà mọ́. Dókítà, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ sí ibi búburú. Nígbà tí mo fẹ́ bí àbíkẹ́yìn mi, omi òjò gba afárá, òun ló fẹsẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá wá bá mi, bàtà ẹ̀ kan ló gbé dé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ. Ẹ kọ́ ọ ní ìyókù. Tó bá kan ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ fún Marlenis ní ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ dúró tì í. Ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn, n kò bèèrè ohun mìíràn.

Ó ti jáde? Èyí? Ẹ gbé e sún mọ́ mi. Èyí tí kò gùn ju ìka mi lọ, tó rí bí igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n ké, òun ló lé odidi ọkùnrin lọ sóko? Mo ti kó èébú jọ sílẹ̀ fún un láti ilé. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún nǹkan tó rí báyìí? Ẹ wé e sínú òwú, ẹ jẹ́ kí n gbé e fún Màmá Etelvina, kí n ní Agapito ti dé, wẹ́rẹ́ ni mo bí i. Òfin kò gbà? Ó dáa. Ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ rọra fún báńdéèjì yẹn. Ẹ dúró ná, Dókítà. Nígbà tí ẹ nawọ́ yí iná yẹn, aṣọ yín ká sókè. Kí nìyẹn lápá yín? Níbẹ̀ yẹn, nínú. Ẹ má fà á wálẹ̀, mo ti rí i. Àpá tín-ín-rín. Ibi kan náà, gígùn kan náà. Marlenis, wá wò ó.

Ẹ̀yin náà?

Oṣù mélòó lẹ fi gbé e? Ẹ fìka kà á fún mi. Oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin? Nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn? Tí àwọn ọ̀gá yín tó jẹ́ dókítà yí yín ká? Ẹ sì jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ síbí kí n máa ké bí ẹyẹ láti ìgbà tí ẹ ti gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ kò sọ nǹkan kan! Háà, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ fi apá mi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Marlenis, gbé abọ́ yẹn kalẹ̀, bá wa gbé kọfí wá, mẹ́ta ni o. Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, Dókítà, ẹ jókòó. Èmi ti sọ tèmi tán. Ó kàn yín.